Àgbo àwọn ará Ṣáínà fún ìrìndọ̀ àti èébì: èwo ni ìwádìí ti lẹ́yìn?

Ìyá Ìdòwú

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa oògùn bá wa tú palẹ̀. Àwọn kan ń polówó egbòogi Ṣáínà káàkiri lórí WhatsApp, òmíràn nínú ìgò kéékèèké, òmíràn ní gbígbẹ tí a ó sè bí àgbo. Wọ́n ní ó ń dá ìrìndọ̀ àti èébì dúró fún aláboyún, fún ẹni tó máa ń bì nínú ọkọ̀, àti fún ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ. Ohun tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò ó, nítorí náà kò lè pa ènìyàn lára. Àbúrò mi obìnrin wà nínú oyún oṣù méjì, oúnjẹ kò sì dúró nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Kí ló wà nínú àwọn egbòogi wọ̀nyí gan-an? Èwo ni wọ́n ti dán wò lára ènìyàn, kí ni wọ́n sì rí?

Apòògùn Àkúrẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò, Ìyá Ìdòwú. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí atalẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn.

Àwọn ará Ṣáínà ń pe atalẹ̀ tútù ní shengjiang, wọ́n sì ń pe gbígbẹ rẹ̀ ní ganjiang, wọn kò sì ka méjèèjì sí oògùn kan náà. Tútù ni wọ́n sábà máa ń lò fún èébì. Sun Simiao, gbajúmọ̀ oníṣègùn ìgbà ìjọba Tang ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tó ń bì máa jẹ atalẹ̀ tútù dáadáa, nítorí pé kò sí oògùn tó ga tó o fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò tó jẹ́ kí àwọn dókítà òyìnbó kọ ojú sí i jáde ní 1982 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Mowrey àti Clayson mú akẹ́kọ̀ọ́ 36 tí ara wọn kì í gba ìrìnkèrindò ọkọ̀, wọ́n jókòó sórí àga tó ń yí bírí, àwọn tó lo lẹ́búlẹ́bú atalẹ̀ sì fara dà á ju àwọn tó lo dimenhydrinate, oògùn tí a mọ̀ fún èébì ojú ọkọ̀. Ní 1988, wọ́n fún àwọn 80 tó ń kọ́ṣẹ́ ológun ojú omi ní Dẹ́nmáàkì ní gíráàmù 1 atalẹ̀ tàbí hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú nígbà tí òkun ń ru. Èébì àti òógùn tútù dín kù lára àwọn tó lo atalẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà nínú ìrìndọ̀ àti òòyì kò tó èyí tí a lè fi ìdánilójú sọ pé atalẹ̀ ló fà á. Nígbà tó di 1991, Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún dán an wò lórí àga tó ń yí, wọn kò rí ààbò kankan. Nítorí náà, ní ti èébì ojú ọkọ̀, ẹ̀rí kò fẹnu kò.

Ti oyún ló dára jù. Ní Táílándì, Vutyavanich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbò pín aláboyún 70 sí ọ̀nà méjì. Ọ̀wọ́ kan gba gíráàmù 1 atalẹ̀ lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀wọ́ kejì gba kápúsù tí kò ní oògùn nínú, aláìsàn kò sì mọ èyí tí òun ń lò. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, 28 nínú 32 tó lo atalẹ̀ ni ara wọn fúyẹ́, nígbà tó jẹ́ pé 10 péré nínú 35 ni ara wọn fúyẹ́ ní ọ̀wọ́ kejì. Ní Ọsirélíà ní 2004, ìdánwò mìíràn fi atalẹ̀ wé fítámì B6 láàárín aláboyún 291, méjèèjì sì ṣe dọ́gba-dọ́gba. Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó sọ pé atalẹ̀ ń mú ìrìndọ̀ kúrò pátápátá. Dídín ló ń dín in kù.

Ní ti jẹjẹrẹ, Ryan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìdánwò ńlá kan jáde ní 2012. Àwọn aláìsàn 576 ni wọ́n ṣírò àbájáde wọn. Gbogbo wọn ń gba oògùn ìgbàlódé tí ń dènà èébì, wọ́n sì fi atalẹ̀ tàbí kápúsù òfìfo lé e fún ọjọ́ mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú oògùn jẹjẹrẹ. Atalẹ̀ dín ìrìndọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ kù. Èyí tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé gíráàmù 0.5 àti gíráàmù 1 ló ṣiṣẹ́ jù, kì í ṣe gíráàmù 1.5. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí oògùn bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó, èyí sì ta ko èrò náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Guangzhou

Ẹ ṣeun, ọ̀gá Apòògùn. Níbí tí mo ń gbé, wọn kì í sábà fún aláìsàn ní atalẹ̀ nìkan. Àkópọ̀ egbòogi ni wọ́n ń kọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti le.

Àkópọ̀ tó lókìkí jù fún èébì kò ju nǹkan méjì lọ: banxia àti atalẹ̀ tútù. Wọ́n ń pè é ní Xiao Banxia Tang, ó sì wà nínú Jingui Yaolue, ìwé tí wọ́n gbà pé Zhang Zhongjing kọ ní ìparí ìjọba Han, ní nǹkan bí 200. Banxia yìí jẹ́ iṣu kékeré roboto, inú ẹbí kan náà tí kókò wa wà ni ó ti wá. Ẹni tó bá ti jẹ kókò tí kò jinná rí mọ bí ó ṣe ń yún ọ̀fun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni banxia tútù ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le ju ti kókò lọ: ó lè mú ahọ́n àti ọ̀fun wú, ó sì lè fa èébì fúnra rẹ̀. Nítorí èyí, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi álọ́ọ̀mù, tàbí kí wọ́n sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti álọ́ọ̀mù, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi efun sísun àti gbòǹgbò gancao, kí ó tó di oògùn. Ìwé òfin oògùn Ṣáínà to ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó ń rà á lórí WhatsApp kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ èyí tí wọ́n ṣe dáadáa. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n máa ń fi iṣu mìíràn tó jọ ọ́, tí wọ́n ń pè ní shuibanxia, dípò rẹ̀ nínú ọjà.

Àwọn yòókù tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn ni chenpi, èèpo ọsàn tánjarín-ìnì tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì tọ́jú pamọ́ fún ọdún púpọ̀, èyí tí ti Xinhui ní agbègbè Guangdong níbí lókìkí jù; sharen, tí èso rẹ̀ ń ta sánsán; zhuru, tí wọ́n há lára oparun; ewé zisu; àti fuling, olú tó ń hù lára gbòǹgbò igi páìnì. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé àwọn oníṣègùn wọn kì í fún gbogbo aláìsàn ní nǹkan kan náà. Wọ́n a wo ahọ́n, wọ́n a di ọrùn ọwọ́ mú, wọ́n a bi í bóyá omi gbígbóná tàbí omi tútù ni ó wù ú. Ẹni tí wọ́n bá sọ pé ikùn rẹ̀ tutù yóò gba ganjiang, ẹni tí wọ́n bá sọ pé ooru wà nínú ikùn rẹ̀ yóò gba zhuru. Ó ṣòro láti fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ìdánwò tó jẹ́ pé oògùn kan ni gbogbo ènìyàn ń lò.

Ìwádìí lórí àwọn àkópọ̀ wọ̀nyí pọ̀ ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí mo ti kà kéré: aláìsàn díẹ̀ ni wọ́n lò, wọ́n fi àgbo lé oògùn èébì ìgbàlódé, aláìsàn sì mọ̀ pé òun ń mu àgbo. Ní 1998, Vickers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí abẹ́rẹ́ Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń gún mọ́ ara láìsí oògùn nínú rẹ̀, jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì rí i pé gbogbo èyí tó wá láti Ṣáínà ló gbè sẹ́yìn abẹ́rẹ́ láìku ẹyọ kan. Kò sí ìtọ́jú tó máa ń yege nígbà gbogbo báyẹn. Ó ń fi hàn pé àwọn ìdánwò tí kò yege kò jáde síta. Mo fẹ́ràn ibi tí mo wà, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí ó ń jẹ́ kí ayé máa fura sí èyí tó dára pàápàá.

Ọmọ Oníṣègùn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ má bínú o, mo fẹ́ fèsì. Ilé ìṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá ní ohun tí òyìnbó kò tíì wọ̀n kì í ṣe ìmọ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ń kọ nípa banxia àti atalẹ̀ fún nǹkan bí 1,800 ọdún. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ta ni yóò máa kọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ láti ìran dé ìran? Ẹ tún rò ó wò: ilé iṣẹ́ oògùn wo ni yóò náwó lórí atalẹ̀ nígbà tí kò lè gba ẹ̀tọ́ àdáni lé e lórí? Àìsí ìwádìí kò túmọ̀ sí pé oògùn kò dára. Ó lè jẹ́ owó ni kò sí.

Apòògùn Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, àbúrò mi, mo sì fara mọ́ apá ti owó. Ìdánwò Ryan tí mo mẹ́nu bà, owó ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é, láti ọwọ́ National Cancer Institute. Ilé iṣẹ́ aládàáni kò ní dá irú rẹ̀ dáwọ́ lé.

Ṣùgbọ́n ní ti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ wo ohun tí àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn sọ. Nínú Jingui Yaolue kan náà, oògùn kan wà fún aláboyún tí èébì rẹ̀ kò dá, ganjiang, ginseng àti banxia ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣègùn Ṣáínà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣe ìkìlọ̀ pé banxia lè ba oyún jẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Bí ìwé àtijọ́ bá ń ta ko ìwé àtijọ́, ọjọ́ orí nìkan kò lè bá wa dá ẹjọ́ náà.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù. Ilé ìwòsàn kan ní Brussels tí wọ́n ti ń bá àwọn obìnrin dín sísanra kù bẹ̀rẹ̀ sí í fi egbòogi Ṣáínà sínú kápúsù ní 1990. Egbòogi tí wọ́n fẹ́ lò ń jẹ́ fangji, ṣùgbọ́n guang fangji ló wọlé dípò rẹ̀ nítorí pé orúkọ wọn jọra. Aristolochic acid wà nínú èkejì. Kíndìnrín àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún bàjẹ́, àwọn kan sì ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn náà. Vanherweghem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1993. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lo guang fangji ní Ṣáínà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ìdí tí kò fi hàn sí ẹnikẹ́ni ni pé kíndìnrín kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ènìyàn mu àgbo. Oníṣègùn lè mọ̀ kíákíá bóyá èébì dá, ṣùgbọ́n ohun tí yóò farahàn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, ojú lásán kò lè rí i.

Kò sí ẹni tó ní kí a kó ìwé àtijọ́ dànù. Inú ìwé Ge Hong, tí ó kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ni Tu Youyou, onímọ̀ oògùn ará Ṣáínà, ti rí i pé omi ni kí a fi rẹ ewé qinghao kí a sì fún un, kì í ṣe kí a sè é. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó yẹra fún ooru nígbà tí ó ń yọ oògùn ibà nínú rẹ̀ ní 1971, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Oògùn ibà tí a ń kọ fún aláìsàn ní Nàìjíríà lónìí, láti ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ó dán an wò lára ẹranko, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e mì láti mọ̀ bóyá ó léwu, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fún aláìsàn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nípa banxia kò ju ìyẹn lọ.

Ọmọ Oníṣègùn

Mo gbọ́ yín, sà. Ti guang fangji yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a mọ ohun tí atalẹ̀ ń ṣe nínú ara gan-an?

Apòògùn Àkúrẹ́

A mọ díẹ̀. Nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ bá ba àwọ̀ inú ìfun jẹ́, ìfun a tú ohun kan tí a ń pè ní serotonin jáde, serotonin a sì so mọ́ iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sínú ọpọlọ pé kí ènìyàn bì. Ibi tó ti ń so mọ́ iṣan náà ni ondansetron, oògùn èébì ìgbàlódé kan, ń dí. Nínú ìdánwò inú yàrá ìwádìí, àwọn èròjà tó ń mú atalẹ̀ ta, gingerol àti shogaol, ń dí ibẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà kejì ni pé ó ń jẹ́ kí oúnjẹ tètè kúrò nínú àpò oúnjẹ. Ní Taiwan ní 2008, wọ́n fún àwọn 24 tí ara wọn le ní gíráàmù 1.2, ìdajì oúnjẹ sì kúrò nínú àpò oúnjẹ wọn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 13, nígbà tó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 láìsí atalẹ̀.

Àwọn ará Jàpáánì náà ti ṣiṣẹ́ lórí àkópọ̀ kan tó wá láti Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní rikkunshito, banxia àti atalẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára eku ní 2008 fi hàn pé ó ń dá ghrelin padà, ìyẹn èròjà inú ara tó ń jẹ́ kí ebi pa ènìyàn, èyí tí oògùn jẹjẹrẹ cisplatin máa ń dín kù. Ìwádìí tó dára ni, ṣùgbọ́n ara eku ni.

Agbẹ̀bí Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, kí a má gbàgbé àbúrò tí ọ̀rọ̀ yìí tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìdòwú, bí omi pàápàá kò bá dúró nínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú tàbí tí kò fi bẹ́ẹ̀ tọ̀, bí ó bá ń rù, bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tó bá dìde, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo kankan, ìbáà jẹ́ ti Ṣáínà tàbí tiwa. Bí ibà bá wà pẹ̀lú èébì, àyẹ̀wò ibà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, nítorí ibà inú oyún lè pa ìyá àti ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i tí wọ́n ka ibà sí ìrìndọ̀ oyún lásán.

Nípa atalẹ̀ fún aláboyún, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nítorí ìwádìí Norway tó jáde ní 2013, tí wọ́n ti wo obìnrin 68,522. Àwọn 1,020 nínú wọn lo atalẹ̀ nínú oyún, àbùkù ara kò sì pọ̀ sí i lára àwọn ọmọ wọn. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 17 lára àwọn tó lò ó ju àwọn yòókù lọ, nítorí náà mo máa ń sọ fún àwọn obìnrin mi pé kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti yọ lára rẹ̀ má lò ó láìjẹ́ pé ó bi dókítà. Irú ìwádìí ńlá bẹ́ẹ̀ kò sí fún banxia.

Ìyá Ìdòwú

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run yóò san ẹ̀san rere fún yín. Ara rẹ̀ kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀, omi ń dúró, kò sì sí ibà. Mo ti wo páálí tí wọ́n fẹ́ tà fún wa, Huoxiang Zhengqi Shui ni wọ́n kọ sí i. Ṣé aláboyún lè lò ó? Ẹnìkan tún ní kí a máa tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Guangzhou

Ẹ má fún un, mà. Gbogbo ilé ni ó wà níbí nígbà ooru, fún inú rírun àti èébì, àkópọ̀ náà sì ti wà láti ìgbà ìjọba Song. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ shui sí lórí yìí, ọtí ló pọ̀ nínú rẹ̀, tó 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò yẹ kí aláboyún fi ẹnu kàn án. Ó tún ti ṣe àwọn ènìyàn níbí léṣe nígbà tí wọ́n lò ó pẹ̀lú oògùn apakòkòrò bíi cefoperazone, tí ojú wọn pọ́n, tí àyà wọn ń lù kìkì, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. Ìkìlọ̀ ọtí wà lórí metronidazole tí a mọ̀ sí Flagyl pẹ̀lú. Irú rẹ̀ kan wà tí kò ní ọtí, koufuye ni wọ́n ń kọ sí tirẹ̀, ṣùgbọ́n banxia wà nínú rẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé kí ẹ rà á.

Ti ọrùn ọwọ́ jẹ́ òótọ́ dé àyè kan. Neiguan ni wọ́n ń pe ojú ibẹ̀: ẹ fi ìka mẹ́ta wọ̀n ọ́n láti ibi tí ọwọ́ ti ń ṣẹ́ po, láàárín iṣan méjì tó wà ní inú ọwọ́. Àkójọ ìwádìí Cochrane ti 2015, tó kó ìdánwò 59 jọ, rí i pé ó ń dín ìrìndọ̀ àti èébì ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ kù. Ti oyún kò lẹ́rìí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n títẹ̀ ẹ́ kò ní pa á lára.

Apòògùn Àkúrẹ́

Ìyá Ìdòwú, bí àbúrò yín bá fẹ́ gbìyànjú atalẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n lò nínú àwọn ìdánwò oyún ni mílígíráàmù 250 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì ṣíbí ìpotíì tí ẹ bá lo lẹ́búlẹ́bú atalẹ̀ tí a ń tà lọ́jà, kí ó sì pín in sínú oúnjẹ tàbí omi gbígbóná. Àyà lè máa ta á, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ó dín in kù. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ lò ó láìsọ fún dókítà. Bí ẹ bá sì rí egbòogi tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ka ọ̀rọ̀ kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn sọ pé ó ń wò wò. Nọ́ńbà náà kò sọ pé oògùn ń dá èébì dúró.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti fún un ní oògùn tó ní irin nínú fún ẹ̀jẹ̀. Irin máa ń dá kún ìrìndọ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, dókítà rẹ̀ sì lè ní kí ó máa lo folic acid nìkan títí ara rẹ̀ yóò fi fúyẹ́.